Àyè fún Ọkọ̀ Kékeré

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi, Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé èémí Ìyá ti rọlẹ̀? Ṣé píkọ́ọ̀pù Bàbá ṣì ń jí láàárọ̀, àbí gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ tì í kó tó dìde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ní kíkún. Nínú lẹ́tà yín tó kọjá, ìlà kan péré lẹ kọ nípa Ìyá. Òjò àti àjà tó ń jò lẹ fi gbogbo ìyókù sọ, bí ẹni pé àjà ló bí mi.

Èmi wà. Mo ṣì wà ní ilé ìfọṣọ ilé ìtura yẹn lókè òkun níbí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì là ń fọ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì là ń lọ̀. Bí a bá parí tàná, tòní ti dé. Ooru ẹ̀rọ ìlọṣọ ti sọ ọwọ́ mi di ọwọ́ mẹkáníìkì. A pọ̀ nínú yàrá ìlọṣọ, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ra, nítorí náà kálukú ń dá ro tirẹ̀ ni. Bí mo bá délé, ibi tí mo ń gbé náà kò ju kí n na ẹsẹ̀ lọ: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé kan. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ títí mo fi sùn, mi ò la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó máa ń ká mi lára gan-an.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń dá mi lára yá. Ẹ ò gbọdọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ń kó ọkọ̀ jọ. Àwọn ọkọ̀ kékeré inú sinimá àtijọ́ ni, àwọn tí a jọ wò nígbà tí Bàbá bá ti ìrìnàjò dé, tí wọ́n á mú mi lọ sí ilé sinimá ẹ̀yìn gáréèjì kí wọ́n tó fọ ojú pàápàá. Ọjà àlòkù kan wà nítòsí ilé ìfọṣọ, ibẹ̀ ni mo ti ń rí wọn, wọn ò sì wọ́n. Ojúlówó irin ni wọ́n, kì í ṣe ike. Wọ́n ti di mẹ́rìndínlógún báyìí. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé mi. Bí mo bá jí, àwọn ni mo kọ́kọ́ ń rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń fi aṣọ nù wọ́n, màá sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ táyà wọn. Ọkọ̀ dúdú tí àwọn olè fi sá lọ wà níbẹ̀. Funfun aláìlórùlé tí obìnrin onídùùkù yẹn ń wà náà wà níbẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí ni aláwọ̀ ewé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni awakọ̀ yẹn fi fẹ́ fo afárá tó já, tí Bàbá fi dìde nínú òkùnkùn, tí wọ́n kígbe pé, "Rọra!" Gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ Bàbá lára títí dòní. Màá rí i. Bí mo bá rí i, màá kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Olójú Sinimá


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Olójú Sinimá, ọmọ Rọra,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, àjà tó ń jò náà kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, ayọ̀ sì bá a wọlé. Mo kà á fún ìyá rẹ, mo tún un kà fún ara mi, lẹ́yìn náà mo mú un lọ sí gáréèjì, mo kà á fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi tó kù láyé. Mẹ́rìndínlógún! Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wa ọkọ̀ ńlá ọlọ́kọ̀, tí mi ò ní ju píkọ́ọ̀pù tó ń wúkọ́ yìí lọ, ọmọ inú mi ló ní ọkọ̀ kékeré mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé ojúlówó irin ni, kì í ṣe ike, àgbà mẹkáníìkì mi orí. Ó ní ọmọ yẹn mọ ọkọ̀. Ó ní tayé òde òní, bí o bá yínmú sí i, á tẹ̀.

Ìyá rẹ ló ń bi mí pé báwo ni ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ṣe tò sójú fèrèsé kan ṣoṣo. Mo ní fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ tiwa. Ó ní kí n kọ ọ́ fún ọ pé ọkọ lòun ní kí o wá, ọkọ̀ lo gbọ́; pé ẹyọ kan lòun bèèrè, o lọ kó mẹ́rìndínlógún jọ. Ó rẹ́rìn-ín títí èémí fi fẹ́ gé e.

Má fi ọwọ́ ara rẹ fọ táyà mọ́. Wá ẹnì kan tí á máa bá ọ fọ̀ wọ́n, kò yẹ ẹni tó nírú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣé o sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀? Ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan pẹ́ jù, kíkú ló ń kú.

O ní kí n kọ ti ìyá rẹ ní kíkún. Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà ní ó ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń lọ sí ọsibítù. Ìgbà mìíràn wà tí kì í dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ètè rẹ̀ á dúdú lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, àfi kí n gbé e sáré lọ kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ sí imú. Dókítà ti kìlọ̀ pé bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá. Píkọ́ọ̀pù ń gbìyànjú. Bó bá ń gun òkè ọsibítù, òun àti ìyá rẹ jọ ń mí gúlegúle ni; mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Nínú mẹ́rìndínlógún yẹn, yọ̀ǹda ọ̀kan fún wa. Èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rọra


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi, Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ka ibi tí ẹ ti ní kí n máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn ṣiṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kan ògiri. Ẹ ò yí padà. Bí ẹ ṣe máa ń lejú koko ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré náà lẹ ṣì ń ṣe é, tí Ìyá á ní kí ẹ yé tan ọmọ jẹ. Mo sì ń rí àwọn ará gáréèjì lọ́ọ̀ọ́kán, tí àgbà mẹkáníìkì ń mi orí bí adájọ́.

Ìyá, ọkọ ò tíì yọjú. Àwọn tó ń yọjú, ẹ́ńjìnnì wọn ti kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọkàn Ìyá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí píkọ́ọ̀pù yẹn kú o. Òun ni ẹsẹ̀ Ìyá. Ẹ máa bẹ òun náà.

Mo gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ yín, Bàbá, ó sì ti di odidi nínú mi. Mo mọ ohun tí ẹ ń tọrọ. Ilé ti dákẹ́ jù, ẹ fẹ́ kí nǹkan ìgbà ayọ̀ yẹn wà lójú yín. Mi ò ní fi èyíkéyìí ránṣẹ́. Ẹ gbọ́: mo ti rí aláwọ̀ ewé! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i ní ọjà àlòkù. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó lápá òsì, táyà ẹ̀yìn kan sì yẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ń ṣí, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣí, ìjókòó inú rẹ̀ pé. Mo dúró níbẹ̀, mo ń sunkún bí òpònú, obìnrin tó ń tà á rò pé ara mi ò dá. Òun ni mo máa fi ránṣẹ́ sí yín. Kí n má purọ́, ó dùn mí láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo ní tó tọ́ sí jù yín lọ?

Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e wá, nítorí náà yóò pẹ́ díẹ̀. Ẹ wá àyè sílẹ̀ fún un o, ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa fi ọwọ́ dọ̀tí fà á.

Mo fẹ́ kó kúrò níbí, onílé fẹ́ fi yàrá yìí fún ìbátan rẹ̀. Bí mo bá ti rí ibòmíràn, màá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Olójú Sinimá


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà,

Orí rẹ á máa bá ọ ṣe é. Nígbà tí mo kà á pé aláwọ̀ ewé gan-an ló ń bọ̀, mo ní kí ìyá rẹ fún mi lómi mu. Ọ̀dà tó bó kì í ṣe nǹkan kan, mo mọ ẹni tí á kùn ún. Táyà tó yẹ̀ náà, àgbà mẹkáníìkì ní kí n kàn gbé e dé, ó ní ọwọ́ òsì lòun máa fi ṣe é.

O ní kí a wá àyè sílẹ̀. Àyè ti wà. Ọkọ̀ kan péré ni iwájú ilé wa gbà, ìwọ náà mọ̀. Mo wó ògiri kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà họ ọ́ lára. Mo ra páànù, mo fi bo òkè rẹ̀, kí òjò má baà pa á gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ní ti píkọ́ọ̀pù, o ní kí n máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ti tó. Mo pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ níbi tó dúró sí, wọ́n sì kó o lọ. Mo wo ibòmíràn nígbà tí wọ́n ń gé iwájú rẹ̀, torí ó ti bá mi rìn pẹ́. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dìrọ̀ mọ́ férémù, ó ní, "Bàbá, ẹ má torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù." Mo dá a lóhùn pé òjò tèmi ti kọ̀wé ṣáájú. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta títí ilẹ̀ fi ṣú. O mọ ìyá rẹ, bó bá bínú, igi àjà pàápàá á máa gbọ̀n.

Télọ̀ tó wà ní òpópónà kejì ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń gbé wa, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ń sú u. Kò burú. Ìgbà díẹ̀ ló kù.

Jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà nínú rẹ̀ tàbí o máa fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ṣé èmi fúnra mi ni màá wà á wálé láti ibi tí wọ́n bá já a sí? Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó sídìí ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ ńlá ló mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nítorí náà mo ń jókòó sórí àga nínú yàrá, mo ń fi ẹsẹ̀ dán an wò díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ ká mi mọ́ ibẹ̀ lánàá. Inú tó ń bí i náà kò jẹ́ kó lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní bó bá dé, iwájú lòun máa jókòó, òun ò ní jókòó sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni.

Kọ̀wé kíá.

Bàbá rẹ,
Rọra


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo kọ̀wé, o ò dáhùn. O ò fi àdírẹ́sì tuntun tí o sọ ránṣẹ́, nítorí náà ti àtijọ́ ni mo tún fi èyí ránṣẹ́ sí.

Ara ìyá rẹ ò yá. Ètè rẹ̀ dúdú nígbà méjì nínú oṣù yìí. Télọ̀ gbé wa lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, a jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi jẹun tán kó tó mú kọ́kọ́rọ́, mi ò sì lè bínú, torí kì í ṣe òun ló ni aláìsàn. Ó ti sọ fún mi pé òun máa rìnrìn àjò lóṣù tó ń bọ̀, òun á sì gbé mọ́tò òun lọ.

Àwọn ará gáréèjì ti ń bi mí pé ọkọ̀ dà. Mo ní ó ń bọ̀. Ẹnì kan ní àbí àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á lórí omi? Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ò béèrè nǹkan kan. Ó ń jókòó síwájú ilé lábẹ́ páànù tí mo kàn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Àyè ọkọ̀ ti di àyè àga rẹ̀.

Bí o bá ti yí ọkàn padà, sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Ohun tí ọmọ ẹni ní, tọmọ ẹni ni. Ṣùgbọ́n má fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Rọra


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mi ò lè kí yín bó ṣe yẹ, ẹ má bínú.

Òní ni onílé mi àtijọ́ kó lẹ́tà yín méjèèjì fún mi. Inú dúróà ló kó wọn sí, ó ní òun gbàgbé. Ibi tí mo ti ń lọ aṣọ ni mo ti kà wọ́n. Mo gbàgbé ẹ̀rọ lórí aṣọ, aṣọ jó, wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà. Akọ̀wé ní kí n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù fún wáyà. Ìlà kan ni mo rí fi ránṣẹ́. Ó dájú pé ẹ ó ti rí i kí lẹ́tà yìí tó dé. Èyí ni odidi rẹ̀.

Bàbá, ohun ìṣeré ni. Ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju ìka mi lọ. Orí igi ojú fèrèsé, nínú yàrá, ni mo tò wọ́n sí. Mo kọ "ọkọ̀ kékeré", mo sì rò pé mo ti sọ ọ́ tán. Mo gbàgbé pé ẹnu awakọ̀ lọ́rì ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àti pé lójú tiyín, gbogbo ọkọ̀ tí kì í ṣe lọ́rì, kékeré ni. Ẹ̀fẹ̀ ni mo rò pé ẹ ń ṣe. Ẹ ní kí n wá ẹni tí á máa bá mi fọ̀ wọ́n, mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo rẹ́rìn-ín.

Inú páálí kékeré ni mo fi aláwọ̀ ewé sí, mo fi òwú dì í. Bàbá, ibi orí rédíò ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí ẹ wá àyè. Orí rédíò ni!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọkọ̀ tí á máa gbé Ìyá. Ẹ bẹ télọ̀ kó má lọ. Ẹ bẹ àgbà mẹkáníìkì. Ẹ kó lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ọsibítù, kí ẹ máa gbé ibẹ̀. Mo máa wá iṣẹ́ mìíràn, màá rán gbogbo ohun tí mo bá rí. Àdírẹ́sì mi tuntun wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí; mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi dúró sí ni. Ìyá, ẹ ṣáà dúró dè mí. Ẹ bi Bàbá léèrè bí ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ṣe lè tò sójú fèrèsé kan, wọ́n ní fèrèsé ibí kì í ṣẹgbẹ́ tilé. Ẹ̀yin nìkan lẹ ka lẹ́tà mi bó ṣe yẹ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó kà á. Bí o bá ti rí iṣẹ́ mìíràn, má kà á nídìí ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ ti lọ. Ó ti lọ kí o tó kọ lẹ́tà rẹ, kí o tó tẹ wáyà. Mi ò kọ̀wé sí ọ nígbà yẹn torí ọwọ́ mi ò gba bírò. A ti sin ín, nítorí náà má sáré wá.

Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wù lórí okùn, ó pè mí, kò sì parí orúkọ tó fẹ́ pè. Nígbà tí mo jáde, ètè rẹ̀ ti dúdú. Télọ̀ ti rìnrìn àjò. Mo sáré dé títì, mo na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, àwọn mìíràn tilẹ̀ tún gbé eré sí i nígbà tí wọ́n rí ojú mi. Mo padà wálé, mo gba ọmọlanke lọ́wọ́ ẹni tó ń pọn omi tà, mo da tìmùtìmù sínú rẹ̀, mo gbé ìyá rẹ lé e. Èmi tí mo ti fi ọkọ̀ ńlá gbé sìmẹ́ńtì, pákó, màlúù, gbogbo ẹrù tó wà láyé, ọmọlanke ni mo fi gbé aya mi.

Òkè ọsibítù yẹn ga. Mo ń tì í, òógùn ò jẹ́ kí n ríran. Nígbà tí a kọjá ilé epo, ó ní, "Rọra." Mo rọra. Ó tún ní, "Rọra." Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí ni tàbí ó ń pè mí lórúkọ. Nígbà tí wọ́n bá wa gbé e wọlé, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́, wọ́n ní ìbá jẹ́ pé a tètè dé. Má pè mí ní Rọra mọ́. Mo ti sọ fún àwọn ará gáréèjì náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni wáyà rẹ dé. Wáyà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ìwọ náà mọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ nìyí: OKO KII SE GIDI. E WA OKO MIIRAN FUN IYA KIAKIA. Mo kà á lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ẹnì kan nínú àwọn awakọ̀ ti kọ̀wé sọ ọ̀rọ̀ ọmọlanke fún ọ, pé o sì ń bú mi: pé ọkọ tí ìyá rẹ fẹ́ kì í ṣe gidi, pé ká wá ọkọ mìíràn fún un kíákíá. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ páànù. Mi ò bínú sí ọ. Mo ní ọmọ náà jàre.

Síbẹ̀, nígbà tí ìwé pósófíìsì dé pé ẹrù mi ti gúnlẹ̀, mo ṣì rò pé ọkọ̀ ni. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ọ̀nà jíjìn, mo mú ìwé ìwakọ̀ mi, mo ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e lọ́wọ́. Mo ní kí n lọ gbé e wálé, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tí á jókòó síwájú mọ́. Akọ̀wé yẹn wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú mi, ó na páálí kékeré kan sí mi lórí káńtà. Mo bi í pé ìyókù dà. Ó ní ìyókù kí ni?

Mo tú u nílé. Ilẹ̀kùn méjèèjì ń ṣí lóòótọ́, èékánná ni mo fi ṣí wọn. Òun gan-an ni, mo mọ̀ ọ́n, aláwọ̀ ewé. Ká ní ìyá rẹ wà, ẹ̀rín ni ì bá pa á. Mo gbé e sílẹ̀ ní àyè tí mo ti ṣe fún un, láàárín gbùngbùn, níbi tí òróró píkọ́ọ̀pù ti sọ ilẹ̀ di dúdú. Mo wọlé, mo wò ó láti ojú fèrèsé. Mi ò rí i. Mo tún jáde lọ gbé e wọlé, torí òjò ti ń ṣú. Orí rédíò ló wà báyìí. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ lo fẹ́ kó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà rẹ wá dé. Mo ti kà á, ó ti yé mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ọ, torí ojú ń tì mí láti tọrọ ohun ńlá lọ́wọ́ ọmọ. Àbọ̀ ni ìwọ náà dá padà. Àwa méjèèjì ń pe ara wa ní ọmọlúàbí, ìyá rẹ sì wà láàárín wa, ó ń bèèrè ìbéèrè. Jẹun dáadáa. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pa ọ́, èyí tó pa mí ti tó. Má ta àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù, má sì fi ìkankan ránṣẹ́ mọ́.

Wáyà yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Lẹ́tà rẹ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkọ̀ lo kọ, pé èmi ni mo ṣì í kà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo máa ń mú un jáde láàárọ̀, màá kà á bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò sì tíì rí irọ́ nínú rẹ̀.

Bàbá rẹ